Ọmọ Ẹja Nínú Àgò: Ọ̀rọ̀ Lórí Títọ́ Epìyà àti Oúnjẹ Tí Kò Wọ́n

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Àjàó Estate, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Èkó)

Iṣẹ́ àlùfáà àti iṣẹ́ olùkọ́ li a mọ̀ mí sí, ó sì lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé ẹni tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ li ó wá sọ̀rọ̀ ẹja lónìí. Ṣùgbọ́n lójú mi, iṣẹ́ méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Àwọn baba wa wí pé láti tútù li a ti ń ká ẹja. Ọmọ ènìyàn li àwa olùkọ́ a máa fi òwe náà bá wí. Lónìí, mo fẹ́ dá òwe náà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, èyíinì ni ẹja fúnra rẹ̀.

Gbogbo wa li a mọ̀ pé àbá kan wà nílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ yìí, pé kí a dá owó jọ, kí a fi tọ́ ẹja nínú àgò tí ń léfòó lórí omi. Àbá rere ni. Àwọn kan wí pé omi kò jìnnà sí wa, nítorí kánáàlì Òkè-Àfà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn wí pé oúnjẹ ẹja ti wọ́n ju ohun tí apá lè ká lọ, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé owó wa yóò rì. Omi àti oúnjẹ, orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò kí a tó dá kọ́bọ̀ kan, ni èyí: ẹni tí kò lè fi ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde bọ́ ọmọ ẹja rẹ̀, kò tíì ní ẹja, alágbàtọ́ ni í ṣe fún ẹni tí ń ta oúnjẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gbé Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ rí mọ orúkọ tí àwọn ará òkè fún ẹja inú yìnyín tí a ń kó wá láti etíkun: òkú Èkó ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó ní egungun nínú ni. Ẹja tí ó kú sí òkun àjèjì, tí ọkọ̀ gbé wá sí èbúté wa, òun li ó ti di ọbẹ̀ tálákà àti olówó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún àìpẹ́ yìí pé ẹja tí Nàìjíríà ń fẹ́ lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù lọ, èyí tí a sì ń pèsè nílé kò tó ìdajì rẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì jẹ́ kí owó náírà wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohunkóhun tí a ń fi owó òkèèrè rà gbówó lérí. Ẹja inú yìnyín wọ́n, oúnjẹ ẹja tí a ń kó wá láti òkèèrè sì wọ́n pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá tí ń ra ẹja àti ọkùnrin tí ń sin ẹja ń sunkún lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà àjèjì ni kí a tọ́ ẹja, kí ó mọ̀ pé epìyà ti wà nínú àwòrán ibojì àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì, tí wọ́n yà á sínú adágún ọgbà wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹja ilẹ̀ Áfíríkà ni. Láti ilẹ̀ wa li ó ti tàn dé Éṣíà àti Amẹ́ríkà, títí ó fi jẹ́ pé orílẹ̀-èdè Ṣáínà li ó ń sin ín jù lọ ní gbogbo ayé lónìí. Ní Èkó yìí pàápàá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti dán ẹja sísìn wò rí ní Oníkàn. A kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kàn fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ní ti àgò, àwọn apẹja ilẹ̀ Kàǹbódíà ti ń fi ọparun ṣe àgò ẹja fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní nǹkan bí ọdún 1974, a dán epìyà wò nínú àgò lórí adágún Kossou ní ilẹ̀ Ivory Coast, ó sì yọrí sí rere. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ilé ìwádìí ẹja omi tí kò níyọ̀ wà ní New Bussa, lẹ́bàá adágún Kainji, adágún tí ìsédò tí a parí ní 1968 dá sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 li a ti ń dán àgò wò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ wa, S. O. Otubusin, tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1987 nínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Aquaculture. Àgò ọparun àti àwọ̀n tí ń léfòó li ó lò, ó sì po ẹ̀jẹ̀ ẹran gbígbẹ mọ́ oúnjẹ epìyà ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, láti mọ èyí tí yóò bá ẹja náà lára mu. Ẹ kíyèsí i: ọparun, àwọ̀n, àti ẹ̀jẹ̀ tí àwọn apẹran ń dà nù. Ọmọ ilẹ̀ wa li ó ṣe ìwádìí náà, pẹ̀lú ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó wa.

Ẹ lè béèrè pé, èéṣe tí ó fi jẹ́ epìyà, nígbà tí gbogbo adúgbò ti kún fún àwọn tí ń sin àrọ̀ nínú ọpọ́n àti kòtò? Àrọ̀ dára, Nàìjíríà sì li ó ń sin àrọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àrọ̀ jẹ́ ẹja tí ń fẹ́ oúnjẹ ẹlẹ́ran, èyí tí ó kún fún púrótíìnì, èròjà tí ń mú ara dàgbà. Epìyà kò ní ojúkòkòrò tó bẹ́ẹ̀. A máa jẹ ewé wẹ́wẹ́ inú omi, a máa fọ́n ohun tínńtínní tí ń léfòó nínú omi jẹ, a sì máa jẹ ọkà àti èèrí, ara rẹ̀ a sì gbà á. Ẹni tí kò yan oúnjẹ jù li ó yẹ kí tálákà kọ́kọ́ sọ di àlejò.

Àbùkù kan wà lára rẹ̀, òun náà ni pé a máa bímọ jù. Abo epìyà inú odò ńlá a máa kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sí ẹnu títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀. Nínú irú kan tí ó wà nínú ọ̀sà tiwa, akọ li ó ń ṣe iṣẹ́ ìyá náà. Nínú adágún kékeré, wọn a bí ọmọ lé ọmọ títí omi yóò fi kún fún ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ní tó jẹ. Níhìn-ín li ọgbọ́n àgò ti hàn. Nínú àgò tí ó rọ̀ sórí omi, ẹyin a máa já bọ́ láti ojú àwọ̀n kí akọ tó sọ ọ́ di ọmọ, ìbísí àìnídìí a sì dínkù. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, akọ a máa dàgbà kánkán ju abo lọ, nítorí náà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa ṣa akọ sọ́tọ̀ nígbà tí ọmọ ẹja bá tó iye tí ojú lè fi mọ̀ ọ́n.

Nísisìyí mo dé ibi tí ọkàn mi wà, èyíinì ni ọmọ ẹja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀ àgò kì í ronú ju àgò ńlá tí a ti ń kó ẹja tí ó tóbi lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n àgò ńlá kò lè gba ọmọ wẹ́wẹ́, nítorí wọn yóò gba ojú àwọ̀n rẹ̀ jáde lọ. Àgò àwọn ọmọ yàtọ̀: àwọ̀n rẹ̀ a wẹ́ bí àwọ̀n ẹ̀fọn, ó sì lè jẹ́ mítà kan tàbí méjì ní ìbú àti ní òró, kí ó sì jin tó mítà kan. A ó so ó mọ́ férémù ọparun, a ó fi kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí garawa tí a dì lẹ́nu gbé e léfòó, a ó sì fi ìdákọ̀ró dì í mú kí ìgbì má bàa gbé e lọ. Ìdí àgò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ odò, kí ẹ̀gbin tí ń bọ́ sílẹ̀ lè bá omi lọ. Níbẹ̀ li ọmọ ẹja yóò wà láti ìgbà tí kò tó gíráàmù kan títí yóò fi tó gíráàmù 10 sí 20, kí a tó gbé e lọ sínú àgò alájú ńlá.

Ẹni tí ń tọ́jú wọn kì í sùn jù. Àwọ̀n wẹ́wẹ́ a máa tètè dí, nítorí ewédò a máa hù lé e. Bí ó bá sì dí, omi titun kò ní wọlé, ẹja yóò sì máa yọjú sókè láti wá afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. A gbọ́dọ̀ máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. A gbọ́dọ̀ máa ṣa àwọn tí ó tóbi kúrò lára àwọn tí ó kéré, nítorí èyí tí ó tóbi a máa gba oúnjẹ mọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, a sì máa gbé òmíràn mì pẹ̀lú. A gbọ́dọ̀ máa wo ojú àwọ̀n bóyá ó ya, nítorí ihò kan tí ó tó ọmọ ìka lè sọ iṣẹ́ oṣù méjì di òfo ní òru kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí oúnjẹ, kí a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nínú iṣẹ́ ẹja sísìn, oúnjẹ a máa gbà ju ìdajì gbogbo owó tí a ń ná lọ, ó sì lè tó ìdá 60 tàbí 70 nínú 100. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ èyí yóò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fún ẹja ní èyí tí kò wọ́n láti ọjọ́ kìíní. Níbẹ̀ gan-an li àṣìṣe wà. Ọmọ ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí púrótíìnì inú rẹ̀ tó ìdá 40 nínú 100, a sì lè fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, ní ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí 1,000 ọmọ ẹja bá jẹ́ gíráàmù kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ kílógíráàmù kan, oúnjẹ wọn fún ọjọ́ kan sì jẹ́ gíráàmù 100 péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí 1,000 ẹja kan náà bá ti tó gíráàmù 200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti di kílógíráàmù 200. Bí a bá fún wọn ní ìdá 3 nínú 100, kílógíráàmù 6 ni wọn yóò jẹ lójúmọ́. Ìlọ́po 60 ti èyí tí wọ́n jẹ ní kékeré ni.

Kí li èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ìgbà tí ọmọ kéré li oúnjẹ rere kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣahun sí ọmọ ẹja ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń fi kọ́bọ̀ pamọ́, ó sì ń sọ náírà nù, nítorí ọmọ tí ó bá rán kì í bọ́ nínú rírán náà bọ̀rọ̀. Kí a ra oúnjẹ gidi fún wọn nígbà náà, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lé ní gíráàmù díẹ̀, tí ikùn wọn gbòòrò, ìgbà náà li ó yẹ kí oúnjẹ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, kí ó sì máa pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń dàgbà.

Kí li oúnjẹ ilé wa? Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa dáhùn. Èèrí ọkà tí a sẹ́ kúrò nínú ògì wà. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà. Kúlíkúlí wà. Ìyókù èkùrọ́ tí a ti fún àdín rẹ̀ wà. Èérún ìrẹsì àti ẹ̀wà sóyà wà. Ọkà tí àwọn apọntí ti lò tán wà, ní ìlú tí ìgò ọtí ti ń jáde ní Ìgànmú láti ọdún 1949. Ẹ̀jẹ̀ màlúù wà ní ilé ẹran Oko-Ọba ní Agége, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti ń bá gọ́tà lọ. Ìdin tí eṣinṣin dúdú kan ń bí sórí pàǹtí wà pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ sì ti ń sin ín fún oúnjẹ ẹja àti adìyẹ káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rí lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ohun tí a ó kàn dà sínú omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan li ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun kan nínú tí í máa dí ikùn lọ́wọ́ láti lo púrótíìnì, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yan án tàbí kí a sè é. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. A ó rẹ ẹ́ tàbí kí a jẹ́ kí ó kan, kí a tó sá a gbẹ. Kúlíkúlí tí ó bá bu máa ń pa ẹ̀dọ̀ ẹja, nítorí májèlé wà nínú èbù náà. Bí ó bá ti ń rùn, ẹ má ṣe gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ̀jẹ̀ kún fún púrótíìnì lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan tí ẹja kò lè ṣe aláìní kò tó nínú rẹ̀. Nítorí náà, díẹ̀ li ó ń ṣe oore, àpọ̀jù rẹ̀ a máa dá ìdàgbàsókè dúró. A ó sè é, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, kí a tó pò ó mọ́ ìyókù. Bí àwọn ará wa Mùsùlùmí bá sì ní iyè méjì nípa ẹ̀jẹ̀, kò sí ìjà. A lè fi ẹ̀wà sóyà àti ìdin rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá po 100 kílógíráàmù oúnjẹ fún ọmọ ẹja tí ó ti dàgbà díẹ̀. A mú 30 ẹ̀wà sóyà yíyan, 25 kúlíkúlí, 30 èèrí, 6 ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, 5 ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí yóò so ó pọ̀, 2 egungun lílọ̀, epo pupa 1, àti iyọ̀ pẹ̀lú àwọn èròjà aṣaralóore 1. Púrótíìnì inú ẹ̀wà sóyà náà tó 11, ti kúlíkúlí tó 11, ti èèrí tó 3, ti ẹ̀jẹ̀ tó 5 kí ó dín díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30 nínú 100, èyí tí ó tó fún irú ẹja bẹ́ẹ̀. A ó fi omi gbígbóná pò ó, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹran, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó sì sá a. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó gba ọkọ̀ òkun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àyàfi bóyá àwọn èròjà díẹ̀ tí ó wà ní ìparí.

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan sí i, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kì í ṣe iye owó àpò oúnjẹ li a fi ń mọ̀ bí ó ti wọ́n tó, bí kò ṣe iye tí a ná kí ẹja tó fi kílógíráàmù kan kún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Oúnjẹ kan jẹ́ 1,000 náírà fún kílógíráàmù kan, ẹja sì jẹ kílógíráàmù kan àti ààbọ̀ rẹ̀ kí ó tó fi kílógíráàmù kan sanra: 1,500 náírà li a ná. Oúnjẹ kejì jẹ́ 600 péré, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ń túká sínú omi, ẹja sì ní láti jẹ mẹ́ta: 1,800 náírà li a ná. Èyí tí ó wọ́n li ó pọ̀, èyí tí ó pọ̀ li ó wọ́n. Nítorí náà kí oúnjẹ wa le tó kí ó má tètè túká, kí a gbé e sórí àtẹ tí a so rọ̀ sínú àgò kí a lè fà á sókè wò bóyá ó ṣẹ́kù, kí a sì ní ìwé tí a ó máa kọ iye oúnjẹ àti ìwọ̀n ẹja sí. Àgò tí kò ní ìwé ìṣirò, ayò li a ń ta níbẹ̀.

Oúnjẹ mìíràn tún wà tí a kì í rà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Gánvíè, lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin, ti rí bí àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń gún ẹ̀ka igi lọ́pọ̀lọpọ̀ mọ́ ilẹ̀ omi. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ewédò wẹ́wẹ́ a máa hù mọ́ igi náà, epìyà a sì máa wá jẹ ẹ́, wọn a fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀sà Ebrié ní Ivory Coast gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fi ọparun ṣe é, wọ́n sì yí àwọ̀n ká a. Bí àwa náà bá so ọ̀pá ọparun rọ̀ sínú àgò, ọmọ ẹja yóò rí nǹkan hó jẹ ní àárín àkókò oúnjẹ méjì.

Ó ku omi. Ẹ dárí jì mí bí mo bá sọ ọ́ gbangba: a kò gbọ́dọ̀ gbé àgò kankan sí kánáàlì Òkè-Àfà. Kì í ṣe nítorí ìrántí àwọn ènìyàn wa tí omi ibẹ̀ gbé lọ nìkan, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà tí àwọn ará ìlú ń sá àsálà. Ìdí mìíràn ni pé omi tí ń gba àárín ilé, ilé-ìtajà àti ibi àtúnṣe ọkọ̀ kọjá kò lè tọ́ ọmọ ẹja, bí ó bá sì tọ́ ọ, kò yẹ kí a jẹ ẹ́. Ohun tí a bá dà sínú gọ́tà yóò padà wá bá wa nínú ọbẹ̀. Ọ̀sà Èkó pàápàá kò dọ́gba: apá tí ó sún mọ́ Òkóbàbá, níbi tí eérú igi ti ń wọ omi fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò rí bí apá Ẹ̀pẹ́. Iyọ̀ a máa wọ inú rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò a sì máa fọ̀ ọ́ kúrò. Láti ọdún 1984 pẹ̀lú, koríko omi àjèjì kan ti ń gba ibodè Bàdágìrì wọlé, a máa bo omi mọ́lẹ̀, a sì lè ya àgò. Àwọn adágún tí a sé sí ilẹ̀ òkè, bí Aṣẹ́jìrẹ́ lórí odò Ọ̀ṣun, tàbí ti Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta tí a ṣí ní 1983, kò ní wàhálà iyọ̀. Ṣùgbọ́n a mọ àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ mọ́ omi Ọ̀yán, nítorí náà ẹni tí yóò máa wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bàtà rọ́bà àti ìtọ́jú oníṣègùn.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi ní olówó. Ẹ̀yin Olóyè mọ èyí jù mí lọ. Àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ègùn, àwọn Àwórì àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ń fi ọ̀sà wọ̀nyí jẹun kí a tó gbọ́ orúkọ Estate. Bí àwa tí a ní owó bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí a pa àgò sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ wọn àti sí ibi ìdẹ àwọ̀n wọn, a ó já àwọ̀n wa lóru, ẹ̀bi náà yóò sì jẹ́ tiwa. Kí a lọ kí wọn, kí a gba àṣẹ lọ́dọ̀ baálẹ̀ àti ìjọba, kí a sì gba àwọn ọmọ wọn sínú iṣẹ́ náà. Kò sí ẹnìkan nínú àwa ará Àjàó Estate tí ó mọ ojú omi tó ọmọ apẹja.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà láti ilẹ̀ Ghana. Lórí adágún Volta, àgò epìyà pọ̀ lọ́nà ìyanu láàárín ogún ọdún, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di olówó. Ní ìparí ọdún 2018, àrùn kan tí kòkòrò àìfojúrí fà wọlé, ẹja sì kú lọ bí ewé. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ kì í ṣe láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí a mọ̀ pé ẹja tí a kó jọ pọ̀ jù, tí a sì ń gbé ọmọ rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò, a máa gbé àìsàn rìn. Kí a máa ra ọmọ ẹja láti ọwọ́ ẹni tí a mọ̀, kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a má sì ṣe fún wọn pọ̀ jù nínú àgò.

Kí li ó wá kù fún wa? Àdúgbò wa kò ní ọ̀sà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ọ̀sà kò ní. Ó ní ọjà Òṣòdì àti ti Ìsọlọ̀ nítòsí, ó ní ilé ìdáná tí ń da èèrí àti èèpo nù lójoojúmọ́, ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé tí kò sì ríṣẹ́. Àbá mi ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àgò. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Kí a gba àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́fà, kí wọ́n máa gba èèrí lọ́wọ́ àwọn ìyá ológì, kí wọ́n sá a, kí wọ́n pò ó, kí wọ́n sì tà á fún àwọn tí ń sin ẹja fún oṣù mẹ́fà. Bí àwọn ẹlòmíràn bá padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì, a ó mọ̀ pé ẹja wọn jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé àgò ọmọ ẹja mẹ́rin péré sí omi tí ó mọ́, lọ́dọ̀ àwọn apẹja tí ó gbà wá. Kí a fi oúnjẹ wa bọ́ àgò méjì, kí a fi oúnjẹ òkèèrè bọ́ méjì, kí a sì wọn ẹja ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìwé ìṣirò náà ni kí a kà fún gbogbo Ẹgbẹ́ ní gbangba, ìbáà dùn mọ́ wa, ìbáà má dùn. Nígbà náà nìkan ni kí a tó sọ̀rọ̀ àgò ńlá.

Àwọn kan yóò wí pé ìrìn yìí lọ́ra jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a fẹ́ dá kì í ṣe owó olówó kan. Ti opó wà nínú rẹ̀, ti ẹni tí ó fẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ li ó ń gbé ilé tí a kọ́ tà. Bákan náà li ọmọ ẹja tí a kò bọ́ dáradára ń gbé owó tí a dá jọ tà. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù mú ebi kúrò, láti orí ọmọ tí kò tó gíráàmù kan.